Ọjọ́ Àìkú Tí Màmá Jókòó De Ìyá Ibùkún

Kí n tó kúrò nílé, ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń sọ fún mi ni pé Amẹ́ríkà kì í sùn. Wọ́n ní ohun tó bá wù mí ni màá rà, ìgbà tó bá sì wù mí ni màá rà á. Irọ́ gbáà ni. Amẹ́ríkà máa ń sùn. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń sùn, ẹni tí kò bá sì tètè mọ̀ ni ìyà ń jẹ.

Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ló ń tì o. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣàn lo fẹ́ rà lẹ́yìn ìsìn, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá á tà á fún ọ tayọ̀tayọ̀. Àmọ́ báńkì á tì. Kẹ́mísìtì tó wà nítòsí ilé mi ní Temple Hills kì í tiẹ̀ ṣí rárá lọ́jọ́ náà. Ilé tí wọ́n ti ń báni tọ́jú ọmọ, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ti máa ń tì, ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ibùkún. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra ẹ̀lùbọ́, òrí àti ata gígún, ibẹ̀ náà nìkan ni wọ́n ti máa ń bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa. Ìyá Ibùkún kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, ìyá ìjọ sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Glenarden. Ẹni bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń tajà. Ọ̀kan tó kù, mi ò lè bá Ọlọ́run dù ú."

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo ṣe ohun tí ọmọ Ọ̀yọ́ èyíkéyìí máa ṣe. Iyọ̀ tán nílé lọ́jọ́ Àìkú kan. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo rí i pé iwájú tì, mo bá yí sẹ́yìn. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ló ń gbé. O máa kan fèrèsé, wàá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iyọ̀ ló tán lórí iná," wọ́n á bú ọ díẹ̀, wọ́n á sì tà á fún ọ. Mo kan ilẹ̀kùn irin yẹn títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ọkùnrin kan tó ń gẹrun nínú ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e ló yọrí síta, kílípà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń gbé ẹ̀yìn ibẹ̀. Kò bú mi, ó kàn ń wò mí bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ sílé, mo jẹ búrẹ́dì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu kì í ṣe iyọ̀. Mo ti rò pé ilẹ̀kùn títì ń sọ pé onílé wà nítòsí, pé kí n ní sùúrù. Níbí, ilẹ̀kùn títì ń sọ pé kò sẹ́ni, kí n máa lọ. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó wọ̀ mí létí. Mo máa ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń rò ó tí mo bá ń fọ aṣọ. Ìlú tí mi ò ti lè kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ pè é ní ìlú mi?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan ní apá Forestville. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn wọn má bàa di egbò. Nígbà tí wọ́n gbà mí, Sátidé àti ọjọ́ Àìkú ni àyè wà, torí pé àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ti gba àwọn ọjọ́ tó dára. Mo gbà á. Arúgbó kì í ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú.

Lẹ́yìn náà ni mo bí Àánú. Bàbá rẹ̀ wà ní Texas. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ti fi ọmọ ránṣẹ́ sílé kí ọmọ ọ̀hún tó hu eyín. Wọ́n á fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù, màá ní, "Ó ti dàgbà o!" Nínú ọkàn mi, mò ń bú wọn. Mò ń ní, irú ìyá wo nìyẹn? Mo pinnu pé ọwọ́ mi ni Àánú máa dàgbà sí. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi bọ́ sí ọjọ́ tí kò sí ibi tí mo lè gbé ọmọ sí. Ìdí tí mo fi bẹ Màmá pé kí wọ́n wá nìyẹn. Tí Màmá bá lè wà nílé lọ́jọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, èmi àti ọmọ mi ò ní pínyà. Tí wọ́n bá lọ, ọ̀rọ̀ á di ìdàkudà.

Màmá dé, ilé mi sì di ilé. Wọ́n máa ń pọn Àánú látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á máa kọrin fún un. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á kí gbogbo èèyàn. Wọ́n kí ẹni tó ń gbé lẹ́tà kiri, wọ́n kí àwọn tó ń sáré ní ẹ̀bá títì, wọ́n tiẹ̀ kí ajá. Wọ́n ní, "Ajá yìí nìkan ló ní ẹ̀kọ́ ilé ládùúgbò yìí. Òun ló dá mi lóhùn."

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, èmi àti wọn á lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ibùkún. Ìyá Ibùkún á gbé àga sílẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ firísà.

"Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ṣé ẹ ti gbọ́n báyìí?" Màmá á wí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

"Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ kó gbogbo ọgbọ́n lọ, mà. Ẹ bù díẹ̀ fún wa."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mo máa ń dúró síbẹ̀ bíi pé mò ń wo owó ọjà, kí ẹ̀rín náà má bàa tètè tán.

Mo kọ́ Màmá ní gbogbo ohun tí mo rò pé ó lè pa wọ́n. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù, bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan tó máa ń ké lókè àjà tí èéfín bá ti pọ̀, àti nọ́ńbà tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n mọ gbogbo rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n kọ́ wọn ní ohun tí ilẹ̀kùn títì ń sọ.

Inú oṣù tí òtútù mú jù ló ṣẹlẹ̀. Imú Àánú dí, kò sùn dáadáa. Bí mo ṣe ń wọ bàtà láàárọ̀, Màmá ní, "Òrí ti tán o. Mo fẹ́ fi ra á láyà."

Mo ní, "Ó dọ̀la, Màmá."

"Imú ọmọ dí."

"Màmá, mo ti pẹ́. Ó dọ̀la."

"Ó dáa. Máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ."

Mo lọ. Ẹnu Màmá fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ìyókù.

Wọ́n pọn Àánú, wọ́n so ọ̀já mọ́ ọn dáadáa, wọ́n wá wọ súwẹ́tà mi tó tóbi jù lé ara wọn àti ọmọ. Wọ́n fi fóònù sílẹ̀ nílé, torí pé ó ń gba ṣáàjì. Wọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ibùkún, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Màmá kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Ibùkún lọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn gan-an ló kó bá wọn. Nílé wa, tí ọlọ́jà bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì, o máa jókòó dè é ni. Bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó ń bọ̀ nìyẹn, gèlè ìsìn ṣì wà lórí rẹ̀ tó máa fi wọn gaàrí fún ọ. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Tó o bá kúrò níbẹ̀ gan-an, ó máa bá ọ wí pé kí ló dé tí o ò lè dúró de òun díẹ̀.

Nítorí náà, Màmá rí kéréètì oníke kan lẹ́bàá ògiri, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n jókòó lé e. Àánú ti sùn lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní ó móoru lẹ́yìn àwọn, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ èémí rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ògiri kó má bàa kan ọmọ. Wọ́n ń gbàdúrà. Wọ́n ń retí kí ìsìn parí.

Obìnrin kan dá ọkọ̀ dúró, ó bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan. Màmá kó gbogbo òyìnbó ẹnu wọn jọ, wọ́n sọ fún un pé àwọn ń dúró de àwọn tó ni ibẹ̀, pé wọ́n ń bọ̀. Obìnrin náà lọ sí òdìkejì títì, ó páàkì, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó pẹ́ tí kò sẹ́ni tó dé, ó pe ọlọ́pàá.

Àwọn ọlọ́pàá méjì ló wá. Wọ́n bi Màmá pé ta ni wọ́n ń dúró dè. Màmá ní Ìyá Ibùkún. Wọ́n bi wọ́n pé níbo ni ilé wọn. Màmá nawọ́ sí títì. Wọ́n bi wọ́n pé kí lorúkọ ọmọ wọn tó bí ọmọ yìí. Màmá ní Ìyá Àánú. Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, wọn ò tún fi orúkọ mìíràn pè mí mọ́, kò sì sí abiyamọ kan ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń pè bí ẹni tí kò bímọ. Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn, torí pé ẹsẹ̀ ọmọ tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ súwẹ́tà ti tutù.

Níbi iṣẹ́, inú àpótí ni a máa ń ti fóònù mọ́. Ìgbà tí mo lọ jẹun ni mo rí i pé Ìyá Ibùkún ti pè mí láìmọye ìgbà. Nọ́ńbà wọn tó wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni ọlọ́pàá pè, ẹ̀yìn ìsìn ni wọ́n tó gbọ́ ọ. Mo pè wọ́n padà.

"Ìyá Àánú, jọ̀ọ́, fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti gbé Màmá àti ọmọ lọ sí hospital."

"Ta ló gbé wọn? Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n ní wọ́n bá wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Yé, mo gbé!"

Mo sáré bá Sister Fúnkẹ́, nọ́ọ̀sì ọmọ Èkó tó jẹ́ ọ̀gá wa lọ́jọ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ọmọ mi wà ní emergency."

"Jésù! Àmọ́ o ò lè kàn jáde báyìí o. Wọ́n máa ní o abandon àwọn patient. Jẹ́ kí n wá coverage, ẹni tó máa dúró fún ẹ, jọ̀ọ́, just hold on."

Mo padà sídìí ìyá arúgbó kan tí mò ń fún lóúnjẹ. Ọbẹ̀ ń ta sí i lágbọ̀n. Ó bi mí pé ṣé ọmọ òun máa wá lónìí. Mo ní ó ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó tiẹ̀ bímọ. Mò ń fún un lóúnjẹ, mò ń nu ẹnu rẹ̀, inú mi ń ké pé ta ló ń nu ẹnu ìyá tèmi. Nígbà tí Sister Fúnkẹ́ pe títí tí ẹnikẹ́ni ò gbé e, wọ́n wá gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Máa lọ. Èmi fúnra mi máa tọ́jú àwọn tó wà ní hall ẹ." Mi ò lè gbàgbé wọn láé.

Àga kan ní kọ̀rọ̀ ni mo ti bá Màmá. Gèlè wọn ti tú, wọ́n sì ká ọ̀já Àánú sórí itan. Nọ́ọ̀sì kan gbé Àánú dání ní ìyàrá kejì, wọ́n ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù wé e. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé ara yín le?"

Wọn ò kọ́kọ́ wojú mi.

"Wọ́n tú ọmọ lẹ́yìn mi," ni wọ́n wí.

"Màmá, wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Èmi ni mo pọ̀n ẹ́. Mo pọn àwọn àbúrò ẹ, mo pọn ọmọ ìyá ọkọ, mo pọn ọmọ ọlọ́mọ. Kò sẹ́ni tó tú ọmọ lẹ́yìn mi rí."

Mo sunkún níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Wọn ò sunkún ní tiwọn. Ì bá sàn kí wọ́n sunkún.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sẹ́ni tó ṣìkà sí wa. Ọlọ́pàá bọ́ kóòtù ara rẹ̀ fún Màmá. Obìnrin inú ọkọ̀ ò fẹ́ kí ọmọ kú sínú òtútù ni. Mo ti wá ẹni tí màá bínú sí títí, mi ò rí. Ìyá Ibùkún ni mo padà bínú sí, èyí tí kò tọ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé ike òrí ńlá kan wá, wọ́n ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti wá ṣí i." Mo gba òrí. Mi ò ní kí wọ́n jókòó.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó wo bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó wo inú fíríìjì. Màmá ti wọ aṣọ tó dára jù nínú èyí tí wọ́n gbé wá, wọ́n bu omi fún un, kò mu ún. Ó ní kí n bi ìyá mi léèrè bóyá wọ́n mọ̀ pé ó léwu láti jókòó pẹ̀lú ọmọ kékeré nínú òtútù.

Mo yíjú sí Màmá. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

Màmá mirí. Wọ́n ní, "Ìyẹn kọ́ ni wọ́n sọ. Mo rí ojú wọn."

Obìnrin náà ní kò sí ẹjọ́. Ó kàn ní fún ìgbà díẹ̀ ná, kí àgbà mìíràn wà pẹ̀lú Màmá àti ọmọ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, òun á sì tún yà wò wá. Àgbà wo? Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, ẹni tí kò bá sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀ wọ́n níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n yí ọjọ́ mi padà. Sister Fúnkẹ́ bá mi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní tí àyè bá yọ, wọ́n á pè mí.

Láti ìgbà yẹn, Màmá ò pọn Àánú mọ́. Wọ́n á gbé e sí itan, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á bá a ṣeré, àmọ́ tó bá ti ń gun ẹ̀yìn wọn, wọ́n á rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà á ké. Wọn ò jáde mọ́, wọn ò sì kí ajá mọ́. Mo ní ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń di irun Àánú, Màmá ní, "Mo fẹ́ máa lọ sílé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi mí sílẹ̀."

"Ibi tí mi ò ti lè jókòó de èèyàn, kí ni mò ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ya irun náà sí méjì. Wọ́n ní, "Tí mo bá lọ, ta ló máa gba ọmọ lọ́jọ́ Àìkú?"

Mò ń bá irun lọ. Wọ́n wá ní, "Gbé e fún mi kí n mú un lọ."

Mo ní rárá. Mo ní ó kúkú sàn kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní ọmọ mi nìkan ni mo ní nílẹ̀ yìí. Màmá jẹ́ kí n pariwo tán. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Tí mo bá pọ̀n ọ́n jáde ní Ọ̀yọ́, wọ́n á máa bi mí pé ọmọ ta ni, màá ní ọmọ ọmọ mi ni. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run wò ó. Ó parí." Ohun tó jẹ́ kí n gbà nìyẹn, torí pé mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ní pápákọ̀ òfurufú, kí wọ́n tó wọlé, Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e lé àwọn lẹ́yìn. Èmi ni mo gbé e lé wọn. Ara Àánú yá, ó ń fi ẹsẹ̀ ta wọ́n ní ìhà. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí. Ọjọ́ tó dára ti yọ níbi iṣẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ ẹ, mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Kí ni mo fẹ́ fi ọjọ́ Àìkú ṣe nílé? Tí mo bá lọ jẹun, mo máa ń pe Màmá lórí fídíò, ìgbà yẹn ni wọ́n ń sinmi lẹ́yìn ìsìn. Àwọn obìnrin tí mo máa ń bú nínú ọkàn mi, àwa la jọ ń jókòó sórí àga kan náà báyìí, kálukú dojú kọ fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Àánú wọ aṣọ ìsìn, ojú rẹ̀ dán, ó ti ga. Mò ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń sá sẹ́yìn àga. Màmá fà á jáde, wọ́n ní, "Ìyá ẹ ló ń pè ẹ́. Kí wọn." Àánú wò mí dáadáa. Ó kúnlẹ̀ ní orókùn méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Inú Màmá dùn. "Ṣé o gbọ́? Mi ò sọ ọ́ sí i lẹ́nu o!"

Mo gbọ́. Kò ṣì í kí. Mo sì dá a lóhùn bí èèyàn ṣe ń dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn, mo ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa."